Àdúrà Ojoojúmọ́ Tí Kò Ní Já: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Sáré Èkó

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹni tó bá fẹ́ gba ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ti ìjọ Redeemed á ti kún ojú ọ̀nà. Ará Èkó tí kò rí ìṣẹ́jú márùn-ún gbàdúrà láti ọjọ́ Ajé á dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn, á gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Mi ò bá ìṣọ́ òru jà o, èmi náà máa ń lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtara kọ́ ló wọ́n wa. Èyí tó wọ́n wa ni àdúrà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí kò sí kwáyá, kò sí ìlù, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ bóyá a gbà á tàbí a ò gbà á.

Ẹ wo àwọn alájọ tó máa ń yí ọjà Oyíngbò ká lójoojúmọ́, tí wọ́n ń gba owó kékeré lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, tí wọ́n ń fàmì sí káàdì. Ìyá tó mọ àjọ dá kì í fi èrè ọjọ́ tí ọjà tà jù lọ dá a. Iye tó lè san lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tí oníbàárà ò jáde ló máa ń fi sí i. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ wo àdúrà ojoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ gé e mọ́ ọjọ́ tó le jù lọ fún yín, ẹ má gé e mọ́ ọjọ́ Àìkú tí ara ń yá gágá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ẹ má fi aago bẹ̀rẹ̀

Bí a bá ti gbọ́ ìwàásù tó gún wa lọ́kàn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Láti ọ̀la lọ, aago márùn-ún ìdájí." Aago kì í pẹ́ já èèyàn kulẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdù tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island lè ti wà lójú ọ̀nà kí aago márùn-ún tó lù. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àárọ̀ ló ń wọlé, oorun ló sì kàn. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ní Ìkòyí, òru ni ọ̀sán tirẹ̀. Aago kan náà kò lè bá gbogbo wọn mu.

Ẹ wá ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ láì jẹ́ pé ẹnì kan rán yín létí, kí ẹ so àdúrà mọ́ ọn. Gbólóhùn rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Bí mo bá ti fọ eyín tán, màá gbàdúrà." Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Bí mo bá ti gbé omi ìwẹ̀ kaná, kó tó gbóná, màá gbàdúrà." Awakọ̀ á ní, "Bí mo bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, kí n tó ṣáná sí i." Ìyá ọlọ́jà á ní, "Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí n tó pàtẹ." Ẹ kọ tiyín sílẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú yín á ti máa bá a. Ohun tí ẹ so ó mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kì í yẹ̀. Ẹni tí kì í mu tíì lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ so ó mọ́ tíì. Ẹ má sì so ó mọ́ iná mànàmáná, torí iná kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú.

Àwọn kan á bi mí pé ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ kọ́ ló yẹ kó máa darí wa. Òun náà ni. Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì ní àkókò tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó sì ní fèrèsé tó ń kọjú sí. Dáníẹ́lì 6:10 sọ pé lẹ́yìn tí ọba ti fọwọ́ sí òfin tó lè gbé e jù sínú ihò kìnnìún, ó ṣì gbàdúrà bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ti mọ́ ọn lára kí wàhálà tó dé, ọjọ́ wàhálà kọ́ ni ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Pétérù àti Jòhánù ń lọ sí tẹ́ńpìlì ní wákàtí àdúrà, wákàtí kẹsàn-án, èyí tó jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, nígbà tí wọ́n pàdé arọ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn Kátólíìkì ní àdúrà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Angelus ní aago mẹ́fà àárọ̀, méjìlá ọ̀sán àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn Aládùúrà náà kò fi wákàtí àdúrà ṣeré láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó níbí ní 1925, lábẹ́ Mósè Orímóládé àti Abíọ́dún Akínṣọwọ́n. Kò sí ìjọ kan tó lè pe àkókò tí a yàn ní ti ara.

Ẹ sì mú sùúrù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kéde pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ni lára. Ìwádìí kan tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní University College London, tó jáde ní 2009, wo èèyàn 96 tí olúkúlùkù wọn so ìwà tuntun kan mọ́ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Nínú ìṣirò wọn, bí a bá tò wọ́n láti orí ẹni tó yá jù dé orí ẹni tó pẹ́ jù, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn lo nǹkan bí ọjọ́ 66 kí ó tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18, ti ẹlòmíràn sì lè tó ọjọ́ 254. Nítorí náà, bí ó bá ṣì ń nira fún yín lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má pe ara yín ní apẹ̀yìndà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ

Fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bí ara bá yá yín lọ́jọ́ kan tí ẹ lo wákàtí kan, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹ padà sí márùn-ún. Ẹni tó bá ti sọ ọ́ di wákàtí kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí kò bá ti rí wákàtí kan, kò ní gbàdúrà rárá ni. Mo ti rí i lára àwọn tó nítara jù mí lọ.

Ibi tí ẹ ó ti máa gbà á

Jésù ní kí a wọ iyẹ̀wù lọ kí a ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ wa ní Mushin, ní Àjẹ́gúnlẹ̀, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, yàrá kan ni bàbá, ìyá àtọmọ ń sùn, ibo ni iyẹ̀wù náà wà? Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé Jésù fúnra rẹ̀, ilé onílé ló wà ní Kápánáúmù. Máàkù orí kìn-ín-ní sọ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ìlú pé jọ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ó dìde, ó jáde lọ síbi tí kò sí èèyàn. Kò pẹ́ tí Símónì àtàwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ fi wá a dé ibẹ̀ pé gbogbo èèyàn ń wá a. Ẹ ò rí i pé ó jọ ti Èkó.

Nítorí náà, ibi kan náà lójoojúmọ́ ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe yàrá tó ṣófo. Ó lè jẹ́ àga kan nínú pálọ̀, orí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìnkùlé, inú ọkọ̀ tí ẹ kò tíì ṣáná sí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè Marina tàbí Broad Street lè lo àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Cathedral Church of Christ, Holy Cross Cathedral àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Tinúbú kò jìnnà síra. Ẹ kàn bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà léèrè bóyá a máa ń ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ ohùn wá kàn. Nínú ilé tí ògiri kan ṣoṣo pín èèyàn níyà, àdúrà kíkan ní aago mẹ́rin ìdájí ń bá oorun ẹlòmíràn jà, àgàgà ọmọ tó fẹ́ lọ sílé ìwé. LASEPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti ti àwọn ilé ìsìn pa rí nítorí ariwo. Àlámùúlégbé yín kò lè ti yàrá yín pa, ṣùgbọ́n ó lè kórìíra ìgbàgbọ́ yín. Nígbà tí Hánnà ń gbàdúrà ní Ṣílò, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Ọlọ́run sì gbọ́. Ẹ máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, torí àdúrà tí a gbà sínú ọkàn nìkan máa ń di ìrònú owó ilé láàárín ìṣẹ́jú kan.

Oorun ńkọ́? Ẹ má kúnlẹ̀ kí ẹ gbórí lé bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó kúnlẹ̀ gbórí lé bẹ́ẹ̀dì ní ìdájí, oorun ló tún padà lọ sùn, ó kàn yí ìdùbúlẹ̀ padà ni. Ẹ bọ́jú, ẹ dìde dúró, tàbí kí ẹ máa rìn lọ rìn bọ̀.

Fóònù ló kù, òun ló sì ń pa àdúrà àárọ̀ jù lọ ní ìran wa. Bí ó bá jẹ́ fóònù ló ń jí yín, WhatsApp ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, ẹni tó kú, ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó ń wá owó. Ẹ ra aago kékeré oníbátìrì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ka Bíbélì lórí fóònù, ẹ pa dátà kí ẹ tó sùn, kí ẹ má sì tàn án títí ẹ ó fi ṣe Àmín.

Kí ni ká sọ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ pọ̀. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹfà, "Olúwa, ṣàánú fún mi, bùkún mi, dáàbò bò mí" ló kù, ó sì ti tán. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lo Àdúrà Olúwa gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ẹ ó máa tọ̀. Didache, ìwé kékeré tí àwọn Kristẹni ìgbà láéláé kọ láti kọ́ àwọn onígbàgbọ́ tuntun, ní kí wọ́n máa gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má kà á gbuurugbu. Ẹ sọ ìlà kan, kí ẹ dúró, kí ẹ fi ọjọ́ tiyín kún un, bíi ìṣẹ́jú kan kan.

"Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ." Ẹ má tíì tọrọ nǹkan kan. Ẹ dárúkọ ohun kan pàtó láti àná tí ẹ fẹ́ dúpẹ́ fún. "A dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀" kò tó. Ẹ sọ pé, "Baba, ọmọ ń gbóná lálẹ́ Ọjọ́rú, ara rẹ̀ ti tutù," bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá yín gan-an.

"Kí ìjọba rẹ dé, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe." Ibí ni ẹ ó ti ka ètò ọjọ́ náà fún un: ìpàdé aago mẹ́wàá, ọ̀gá tí ẹ fẹ́ lọ bá, ìdánwò ọmọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá fi ìfẹ́ tirẹ̀ sókè tiyín.

"Fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí." Ẹ tọrọ láì fi ojú tijú: owó ilé, owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ tó tún ti lọ sókè. Àwọn onígbàgbọ́ kan rò pé owó kéré jù láti máa mú lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Jésù kò rò bẹ́ẹ̀, ó fi oúnjẹ sáàárín àdúrà. Ṣùgbọ́n ti òní ni kí ẹ tọrọ. Ẹ jẹ́ kí ti oṣù Kejìlá dúró de oṣù Kejìlá.

"Dárí jì wá, bí àwa ti ń dárí jì." Ẹ̀ṣẹ̀ kan, ẹ pè é lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan, ẹ dárúkọ rẹ̀: àna tó bú yín, onílé tó fi owó kún owó, agbèrò tó fi igi gbá ojú ọkọ̀. Ìlà yìí le, ó sì lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹ kò bá tíì lè dárí jì í, ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ẹ kò tíì lè ṣe é. Àdúrà nìyẹn náà.

"Má sì fà wá sínú ìdẹwò, ṣùgbọ́n gbà wá lọ́wọ́ bílíìsì." Ẹ mọ ibi tí ìdẹwò òní wà. Rìsíìtì tí wọ́n á ní kí ẹ fi owó kún. Ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́. Ìbínú lójú pópó Ọ̀ṣòdì. Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí ó tó dé. Ibí náà ni àyè wà fún àdúrà nípa ọ̀tá, ìlà kan nínú gbogbo àdúrà náà. Bí gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún bá bá ọ̀tá lọ, a kò bá Baba sọ̀rọ̀ kankan.

Ọjọ́ tí ẹnu bá wúwo, ẹ ya Sáàmù lò. Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà pín gbogbo Sáàmù 150 sí ọjọ́ 30, ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ lè fi àwọn kúkúrú bẹ̀rẹ̀: Sáàmù 117 kò ju ẹsẹ méjì lọ, 131, 133 àti 134 jẹ́ ẹsẹ mẹ́ta mẹ́ta. Òwúrọ̀ bá Sáàmù 5 mu, alẹ́ bá Sáàmù 4 mu. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, kí ó ka 88, èyí tí kò fi ayọ̀ parí rárá. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó nílò rẹ̀ jù kì í mọ̀ pé ó wà nínú Bíbélì.

Ẹ gbà á ní èdè tí ẹ fi ń sunkún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Èkó ń gbàdúrà ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni pásítọ̀ wọn ń sọ, wọ́n sì ń pàdánù ọ̀rọ̀ láàárín. Bíbélì Yorùbá odindi ti wà láti 1884, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú rẹ̀.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ

Àdúrà inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rọ́pò àdúrà àárọ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ èkejì rẹ̀. Nehemáyà ń gbé ọtí fún ọba, ọba bi í ní ìbéèrè, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, ó sì dáhùn. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju ìgbà tí a fi mí kanlẹ̀ lọ.

Ẹ lo ohun tí ojú ń rí. Afárá Third Mainland tó parí ní 1990 gùn tó kìlómítà 11.8, nígbà tí ọkọ̀ bá sì há, ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gun orí rẹ̀ láti Òwòrónṣòkí, ẹ dárúkọ àwọn tí ẹ fi sílé. Bí UNILAG bá yọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ gbàdúrà fún ọmọ tó wà nílé ìwé, tiyín tàbí ti ẹlòmíràn. Mákòókò yóò yọ, àwọn ilé orí omi àti èéfín ẹja. Ẹ gbàdúrà fún àwọn tí kò ní tó yín. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji, ó ti kan iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, afárá fúnra rẹ̀ ni yóò máa rán yín létí. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mile 2 lọ sí Marina lè fi àwọn ibùdókọ̀ ṣe bákan náà.

Ẹni tó ń wakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lajú. Èrò ọkọ̀ lè di ojú, ṣùgbọ́n kí ó di báàgì rẹ̀ mú.

Ìwé orúkọ

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ pín àwọn èèyàn sí ọjọ́: ọjọ́ Ajé fún ilé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún àwọn ẹbí tó wà ní òkè òkun, Ọjọ́rú fún ìjọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ mẹ́ta lójúmọ́ tó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé, "Ẹ bá mi gbàdúrà," ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, torí "a ó máa rántí yín nínú àdúrà" ti di ìkíni lásán láàárín wa. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí i, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ìdáhùn dé. Àwọn àyè kan á ṣófo. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀, ẹ̀gún náà kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un. Ẹ má pa orúkọ rẹ́ nítorí pé ó ti pẹ́.

Àdúrà ìdílé

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pọ̀ jù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orin kan, ẹsẹ Bíbélì díẹ̀, ọmọ kan gbàdúrà. Ẹ pín ọjọ́ fún àwọn ọmọ, kí ẹni tó kéré jù náà ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ má sì tún àdúrà rẹ̀ ṣe fún un. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi àdúrà bá ìyàwó yín jà. "Olúwa, fọwọ́ kan ọkàn àwọn tí kì í tètè gbọ́únjẹ" kì í ṣe àdúrà, gbogbo ilé ló sì mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Àwọn ìyá náà ní tiwọn o, ẹ ò ní fẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá pa jẹ

Ẹ ó pa á jẹ. Àìsàn á dé, òkú á kú, èèyàn á sùn gbàgbé. Nínú ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lókè, ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò pàdánù ohun tó ti ń mọ́ ọn lára. Àsopọ̀ tó kàn ni kí ẹ padà sí: bí ẹ kò bá gbà á lẹ́yìn ìfọyín òní, ẹ gbà á lẹ́yìn ìfọyín ọ̀la. Ẹ má san gbèsè. Ẹni tó pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ tó wá fẹ́ fi ìṣẹ́jú ogún san án, ọjọ́ kẹrin ló ń bàjẹ́.

Ọjọ́ mìíràn, ẹ ó gbà á, kò sì ní dà bíi pé ẹnì kan ń gbọ́. Ẹ ka àdúrà yín tán, ẹ ṣe Àmín, ẹ lọ síbi iṣẹ́. Mi ò mọ ọgbọ́n mìíràn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì gba ẹni tó ń ta òróró fún un gbọ́.

Nígbà tó bá ti dúró

Bí ẹ bá rí i pé àdúrà àárọ̀ kò nílò kí ẹ fi agbára mú ara yín mọ́, ẹ fi èkejì kún un, ní alẹ́. Èyí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ: ohun tí ẹ dúpẹ́ fún, ohun tí ẹ ṣe tí kò dára, Sáàmù 4. Ẹ gbà á kí ẹ tó dùbúlẹ̀, ẹ má gbà á lórí ibùsùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan. Ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin ló rọrùn jù, bí kì í bá ṣe tọkọtaya. Ẹ máa pe ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ bi ara yín pé, "Ọjọ́ mélòó lẹ rí gbà á lọ́sẹ̀ yìí?" kí ẹ jọ gbàdúrà kan kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tó kéré ni kó máa pe àgbà, kó kọ́kọ́ kí i dáadáa, kí àgbà náà sì má sọ ọ́ di ìwàásù. Bí ẹni náà kò bá gbé e, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i, kí ẹ gbàdúrà kúkúrú fún un níbẹ̀, kí ẹ tún pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.